Omi Àlùwàlá Nínú Káráfáànù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ń gbé inú káráfáànù ní Dublin, ẹ má jẹ́ kí omi wà nínú páìpù rẹ̀ nígbà òtútù. Bó tilẹ̀ ṣe omi àlùwàlá. Ẹ gbọ́ o. Omi tó bá dì nínú páìpù kì í pariwo. Ìgbà tó bá yọ́ ni ẹ tó máa mọ ohun tó ti ṣe.

Káráfáànù tí mò ń gbé, ẹ̀yìnkùlé Bàbá Dámilọ́lá ló wà, ní Corduff. Ilé kékeré orí táyà ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń fi mọ́tò fà lọ sétí òkun. Micah lorúkọ Bàbá Dámilọ́lá gan-an. Onígbàgbọ́ ni, ó sì ti pẹ́ níbí, láti ìgbà tí àwọn èèyàn wa ń wá tọrọ ààbò. Èmi, ilé ìwòsàn ni mo ti ń nulẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí onílé mi ní Phibsborough ní òun fẹ́ ta ilé, mo wá ilé títí, mi ò rí. Micah ló ní kí n wá máa sùn níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Mipọ̀sí, kò fẹ́. Ẹni tó gbé ibẹ̀ kí n tó dé jẹ́ kí páìpù bẹ́, pákó ilẹ̀ jẹrà. Micah ò fi pa mọ́ fún mi. Ó ní bí páìpù bá tún bẹ́, òun ò ní lágbára láti bá ìyàwó òun jiyàn mọ́, màá ní láti lọ. Mo ní mo gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá ti dún lábẹ́ ibùsùn báyìí, mo ti dìde.

Nígbà tí òtútù fẹ́ wọlé, ó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Ó yọ yoke kan nínú dúrọ́ọ̀mù omi tó wà níta. Bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan níbí nìyẹn bí orúkọ rẹ̀ ò bá wá sí wọn lẹ́nu. Pọ́ǹpù tó ń fa omi wọlé ni. Mo tọ́jú ẹ̀. A da omi dúrọ́ọ̀mù nù. Ó gbé ibùsùn sókè, ó mú ọwọ́ mi, ó fi kan àwọn ìdérí kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè tí omi ń gbà jáde sábẹ́ káráfáànù. A ṣí wọn. A ṣí ti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. A wá ṣí gbogbo táàpù, a sì gbé orí ṣáwà sílẹ̀ kí omi inú ẹ̀ lè ṣàn tán. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣí yẹn ni kí wọ́n wà títí òtútù á fi lọ, torí omi tó bá dì máa ń wú, bí kò bá ráyè wú sí, á fọ́ nǹkan. Lẹ́yìn náà ló da omi kan tó pupa bíi sóbò tí wọ́n ti bomi là sínú ihò síǹkì. Ó ní ìyẹn kì í dì. Láti ìgbà náà, kẹ́ẹ̀gì ni mo fi ń pọn omi láti kíṣìnì wọn.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájì Tìrìmísíyù, dé. Ọmọ tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ní Finglas ti kó lọ sí England, wọn ò sì ríbi kan lọ. Mo bẹ Micah. Ó ní kò burú, kí wọ́n ṣáà má fọwọ́ kan páìpù. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kan, omi inú kẹ́ẹ̀gì tán. Àwọn Micah ti jáde, wọ́n ti ti kíṣìnì. Àkókò ìrun sì ti tó. Mo mú òkúta kan tó mọ́, mo fọwọ́ kàn án, mo fi pa ojú àti ọwọ́ mi dípò omi. Tayamọ́mù nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi rí mi.

“Rafiat, ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀? Wọn kì í ṣe tayamọ́mù nílé tí omi wà.”

Mo ní kò sómi. Wọ́n fọwọ́ júwe síǹkì. “Táàpù wo lèyí wá ni? Ẹ la ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń hanrun.”

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo wá jókòó, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Yìnyín. Páìpù. Mipọ̀sí. Mo ní bó bá bẹ́, wọ́n á lé mi. Wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí mo ń lọ síbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, mo tún sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fomi sí i. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọdé.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀, gbogbo koríko ti funfun. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ti gbé dúrọ́ọ̀mù lọ sídìí táàpù kan tí koríko bò lára ògiri Micah, tí mi ò mọ̀ rí, wọ́n pọn ọ́n kún, wọ́n yí i padà wá, wọ́n rí pọ́ǹpù, wọ́n dá a padà sínú ẹ̀. Wọ́n dé àwọn ìdérí aláwọ̀ ìyeyè. Wọ́n sì pa gbogbo táàpù dáadáa, torí ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fi omi ṣòfò. Wọ́n ní torí tèmi ni, kí n lè fi omi gbóná ṣe àlùwàlá bí èèyàn.

Mo ṣí táàpù. Pọ́ǹpù ń kùn, omi ò wá. Mo sáré gbé ibùsùn, mo ṣí àwọn ìdérí. Kò sí nǹkan tó kán sílẹ̀. Ó ti dì.

Nígbà tí oòrùn mú díẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí jáde lẹ́yìn ṣáwà. Ó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó ń lọ.

Micah dé. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ tẹ pákó. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Èmi ni mo fomi sí i.” Wọn ò bẹ̀bẹ̀. Micah ò lè fìbínú dá àgbà lóhùn. Ó ní, “Mo gbọ́, bàbá.” Ó wá pè mí síta, sídìí dúrọ́ọ̀mù. Mipọ̀sí dúró lójú fèrèsé kíṣìnì, ó ń wò wá. Mò ń gbọ́ ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú káráfáànù.

“Àǹtí Rafiat,” Micah sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “mi ò fẹ́ kí ẹ lọ. Mo ti bá Mipọ̀sí sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ kìlọ̀ fún bàbá, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àwọn nìkan ló máa lọ. Ẹ̀yin á dúró. Ṣé ẹ kìlọ̀ fún wọn?”

Mo wo orí òrùlé. Yìnyín ṣì wà níbi tí oòrùn ò dé. Mo ro ibi tí ẹ̀gbọ́n mi máa gbé ẹrù wọn lọ. Mi ò rí ibì kankan.

“Ẹ dá mi lóhùn. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa lọ.”



“Bàbá Dámilọ́lá, ẹ ṣeun fún gbogbo ẹ̀,” mo ní. “Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́.”

Ó tún bi mí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dojú dúrọ́ọ̀mù dé, mo ń wo omi tó ń ṣàn lọ.