Orúnkún Ṣẹ̀rífátù àti Ọ̀nà Tòróńtò

Nígbà tí Mutmainah pe ìyá rẹ̀ láti Tòróńtò pé oyún òun ti wọ oṣù kẹjọ, tí kò sì sí ẹni tí yóò bá òun wẹ ọmọ, Ṣẹ̀rífátù tó ń ta ẹja yíyan ní Ẹ̀pẹ́ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ń bọ̀. Àkọ́bí rẹ̀, Tìrìmísíyù, tó ń gbé ní Agric, Ìkòròdú, ló ta kò ó.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó? Bàálù kan ò lè gbé yín débẹ̀. Ẹ ó wọ ọ̀kan dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó tún wọ òmíràn. Odidi ọ̀sán àti òru lórí ìjókòó! Ìkòròdú níbí tí ẹ wá nígbà Iléyá, ṣebí ńṣe la gbé yín sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò."

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí ìyá náà ti yọ̀ ṣubú létí omi, bó bá ti jókòó pẹ́, orúnkún rẹ̀ á wú, á sì le gan-an.

"Ó jìn lóòótọ́," ni Ṣẹ̀rífátù wí. "Àmọ́ èmi kọ́ ni mo máa fò ó. Bàálù ni."

Tìrìmísíyù ò rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí ẹ bá fẹsẹ̀ ara yín rìn wọlé mi ni màá ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Nọ́ọ̀sì kan kọ́ Ṣẹ̀rífátù bí yóò ṣe máa na ẹsẹ̀ náà. Láti ìgbà náà, tó bá ti kírun àárọ̀ tán, á rìn lọ sétí ọ̀sà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn mọ́sáláṣí ló dé tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ja ń bi í bóyá ó fẹ́ sáré ìje. Ó tún jáde lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Tìrìmísíyù ń fọ mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé nígbà tó rí ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀, ó ru báàgì sórí.

"Ìyá! Ta ló gbé yín wá?"

"Mọ́tò já mi sí bọ́ọ̀sì-sitọ́ọ̀pù. Mo fẹsẹ̀ rin ìyókù."

Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. "Ẹ mú páasipọ́ọ̀tù yín wá," ló wí níkẹyìn.

Nígbà tí bàálù gbéra, gbogbo kéwú tó mọ̀ ni Ṣẹ̀rífátù ké. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó dìde, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ inú bàálù ní kó jókòó. Ṣẹ̀rífátù fọwọ́ lu orúnkún rẹ̀, ó ń rìn lọ. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yà fún un. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá, kò bá wọn jiyàn, nítorí pápákọ̀ òfuurufú náà ò lópin lójú rẹ̀.

Síbẹ̀, ó ń tiro nígbà tó jáde sí Mutmainah ní Tòróńtò. Mutmainah bú sẹ́kún.

"Ìyá, ẹ̀ ń tiro!"

"Mò ń tiro, mo sì dé. Gba báàgì yìí."

Lọ́sẹ̀ kejì, Mutmainah bí obìnrin. Ṣẹ̀rífátù na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí wọn, ó sì bu omi lé e lára. Ọmọ náà figbe ta.