Igun Kẹrin Pákó

Páìpù tó wà nídìí ọkọ̀ ojú omi wa já, ó sì fi ihò roboto sílẹ̀, tó fẹ̀ bí ẹnu ife ńlá. Aṣọ tí a kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́, omi tì í padà sí wa lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì ti kú. Èbúté jìn. Ọmọ wà lẹ́yìn mi. Ìyá ọkọ mi ń fi garawa gbọ́n omi.

Ọkọ mi, gbénàgbénà, yọ ìdérí àpótí ìṣó rẹ̀: pákó onígun mẹ́rin, ẹyọ kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wa. Ìbú rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ihò lọ. Ó fa ìlà roboto sí i, ó mú ayùn.

"Bàbá ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ gé?"

"Àwọn igun yìí. Ihò roboto, pákó roboto. Kó wọ̀ ọ́ géérégé."

"Gbénàgbénà!" ìyá rẹ̀ ké. "Ṣé àga lò ń kàn fún ẹja ni? Ṣe kíá!"

Kí n tó rí ohùn sọ̀rọ̀, igun kan ti já bọ́ sínú omi.

"Ẹ dúró! Ta ní ń fi ìrépé tó ṣe déédéé ihò lẹ ẹ̀wù? Ibo ni abẹ́rẹ́ á ti gún un?"

"Igun kékeré wọ̀nyí? Kí ni wọ́n tó?"

Wọn kò tó nǹkan lóòótọ́. Aránṣọ ni mí. Bí mo bá gé òkè fìlà roboto lára aṣọ onígun mẹ́rin, bó ti wù kí n to igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣẹ́ kù pọ̀, wọn kì í bo ìdá kan nínú mẹ́rin aṣọ náà. Roboto ló ń kó èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n omi ló wà lábẹ́ roboto ti pákó yìí, ìṣó kì í sì í mú omi. Igun nìkan ló ní igi lábẹ́.

"Igun ni kẹ́ ẹ kàn mọ́lẹ̀."

Ó kan mẹ́ta. Mo ya etí ìró mi, mo fi há àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí roboto ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí pákó. Omi rọlẹ̀, àfi níbi igun tó ti gé. Pákó ń gbé sókè níbẹ̀, omi ń tú.

Mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Omi náà dá.

"Ìyàwó, o ò gbọdọ̀ mira o," ìyá ọkọ mi ní, "kódà bí eṣinṣin bá bà lé imú ẹ."

Ọkọ mi kò lè wò mí lójú. Ó mú àjẹ̀, ó ń wa ọkọ̀. Ọmọ ń ké fún ọyàn lẹ́yìn mi, n kò sì lè bẹ̀rẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri. Èbúté ṣì jìn.