Ilẹ̀kùn Ilé Oko Bàbá Albert

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní wàhálà, kó bá àgbàlagbà ya àwòrán ilé. Ó ti sú Fọláránmi pátápátá. Ó yà á títí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, Bàbá Albert ṣì ń mirí.

Bàbá yìí, dókítà tó ti fẹ̀yìn tì, ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú Plano lókè òkun, ó ní ilé oko tí òun gbé ní kékeré ní England ni kí wọ́n kọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ ń kàwé ní London nígbà náà, wọ́n sì gbé e fún òyìnbó àgbẹ̀ kan pé kó bá wọn tọ́ ọ, bí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń ṣe láyé ọjọ́un.

Ilé náà ṣì wà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí Fọláránmi, láti orí koríko tí wọ́n fi bò ó dé ìpìlẹ̀ òkúta, bẹ́ẹ̀ náà ló sì yà á. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbà láti ìgbà tó ti fi ọ́fíìsì ayàwòrán ilé tó ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ ní Addison nìyí. Bó bá bọ́, ó di kó padà lọ bẹ ọ̀gá. Ṣé kó wá sọ pé Bàbá ń parọ́ ni? Ọkùnrin tó dúró bíi bàbá fún un níjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí wọn ò fún bàbá tó bí i ní físà. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á.

"Ilẹ̀kùn yìí kúrú," ni Bàbá wí. "Igi àjà yìí á máa gbá mi lórí. Ààrò ìyáná inú ògiri yẹn ńkọ́? Inú rẹ̀ ni mo ti máa ń dúró ṣanṣan."

"Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n nìyẹn, sà."

"Ta ló gbé ibẹ̀, èmi àbí ìwọ?"

Inú bí Fọláránmi débi pé etí rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde. Níbo ni ìkọ́ ilẹ̀kùn wà? Ẹ fọwọ́ hàn mí."

Bàbá dìde, ó nawọ́ sókè kọjá orí rẹ̀, ó tún fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró.

"Ibí. Ọwọ́ mi kì í tó o."

Ìbínú Fọláránmi rọ̀ wọ̀ọ̀. "Ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà náà?"

"Márùn-ún." Bàbá sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń dúró sídìí rẹ̀. Wọ́n ní màmá mi ń bọ̀."

Fọláránmi jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn ga, ó gbé àjà sókè, ó fẹ ààrò lójú, títí ẹni tó bá ga tó Bàbá fi lè kéré bí ọmọ ọdún márùn-ún nínú ilé náà. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa.

"Òun nìyí," ó ní. "Ṣùgbọ́n gbé ìkọ́ ilẹ̀kùn yẹn wá sísàlẹ̀. Kí ọwọ́ ọmọdé lè tó o."