Ohùn Wilfredo Nínú Dísìkì Kékeré

Ọjọ́ Ajé la gbọ́ pé dísìkì ńlá tí ẹ̀gbọ́n mi Reinier rà ní Montevideo fún kọ̀ǹpútà wa ti wọ Gibara, ìlú wa. Ká ní ọjọ́ Àìkú la gbọ́ ni, Àǹtí Eneida ì bá má pa ìtàn mi rẹ́.

Kọ̀ǹpútà wa ti darúgbó. Bí a bá tàn án, á mí kanlẹ̀ bí ìyá àgbà tí wọ́n ní kó dìde lórí àga, a ó ti se kọfí, a ó ti mu ún tán, kó tó lajú. Inú rẹ̀ kéré. Bí nǹkan tuntun bá fẹ́ wọlé, ti àtijọ́ kan gbọ́dọ̀ jáde. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, eré Turkey tí àǹtí mi ń wò ti kù díẹ̀ kó parí, kò sì sí àyè fún àwọn apá tó kẹ́yìn. Ó rí àpò fáìlì kan tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ló bá pa á rẹ́. Bó ṣe fẹ́ máa da eré rẹ̀ sí i báyìí ni wọ́n mú iná lọ.

Ìtàn tí mo kọ ló wà nínú àpò náà. Àwọn ará àdúgbò wa ló fi ohùn wọn ṣe é bí eré orí rédíò, apá mẹ́sàn-án, ó ku ọ̀kan. Àǹtí mi fúnra rẹ̀ ló ṣe opó oníwà búburú. Wilfredo, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé ajá á dìde bí Wilfredo bá ń kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n Wilfredo ti lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Tampa, kò sì jọ pé yóò padà. Àwa yòókù lè tún tiwa ṣe. Tirẹ̀ ńkọ́?

"Èmi ò mọ̀ pé ìtàn ni," àǹtí mi ní. "O kọ 'Iyọ̀' sí i lára. Mo ní kí ni iyọ̀ ń wá nínú kọ̀ǹpútà?"

"Orúkọ ìtàn náà ni, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ ṣe opó inú rẹ̀."

"Opó ni mo ṣe. Kò sẹ́ni tó fi iyọ̀ hàn mí."

Lọ́jọ́ kejì, Osmel, tó bá wa lọ gba dísìkì tuntun náà, gbé e wá. Osmel ló ń gbé Paquete kiri àdúgbò wa: fíìmù, eré, orin, gbogbo ohun tó bá jáde lọ́sẹ̀, nínú dísìkì kan tó ń gbé láti ilé dé ilé, kí kálukú mú èyí tó wù ú. Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Lẹ́yìn tí wọ́n pa á rẹ́, ṣé ẹ ti da nǹkan míì sí i?"

"Iná lọ. Nígbà tó dé, mi ò jẹ́ kí àǹtí mi sún mọ́ ọn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Iná lílọ ṣe ẹnì kan lóore. Idalmis, ohun tí wọ́n pa rẹ́ ò tíì lọ. Ó sá pamọ́ síbẹ̀ ni, títí ẹlòmíì á fi wá jókòó sáyè rẹ̀."

Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Eruku jáde, òkú ọmọńlé kan tẹ̀ lé e.

"Òun ló ń bá wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀," àǹtí mi ní. "Ẹ rọra gbé e."

Osmel de dísìkì ńlá náà mọ́ ibi tó yẹ, ó tan ẹ̀rọ. Mo wo inú dísìkì náà, mo rí i pé ó kún bámúbámú.

"Osmel, ṣé tuntun kọ́ nìyí? Kí ló wà níbẹ̀?"

Ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ní Gibara, a kì í dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo, a kì í sì í gbé dísìkì òfìfo fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ìyẹn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé láti ọdún tó kọjá, nígbàkigbà tí mo bá sọ fún un pé mò ń ka ìwé kan, ó máa ń wá fíìmù tí wọ́n fi ìwé náà ṣe. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, ó to wọ́n bí mo ṣe ka àwọn ìwé náà.

"Eré tèmi ńkọ́?" àǹtí mi bi í.

"Ó wà níbẹ̀, Màmá. Títí dé ìparí."

"Idalmis, gbé àga wá."

"Ẹ dúró ná," Osmel ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kí kọ̀ǹpútà yìí tó lè máa jí lórí dísìkì ńlá, kí n sì tó lè máa wá ìtàn yẹn kó síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ nu dísìkì ńlá náà mọ́ pátápátá, gbogbo fíìmù yìí á sì lọ. Bí a bá sì ń lo èyí tó kéré, ohun míì á jókòó sáyè ìtàn rẹ."

"Da àwọn fíìmù náà padà sínú tìrẹ," mo ní.

"Tèmi kún fún Paquete ọ̀sẹ̀ yìí, gbogbo àdúgbò ló ń dúró dè é. Eré Màmá ò ṣòro, màá tún un wá. Àwọn tìẹ ni mi ò lè rí mọ́. Ẹni tó fún mi ti kúrò nílùú."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo gbogbo rẹ̀ tán," àǹtí mi ní.

"A máa wò ó di Kérésìmesì, Màmá."

"Ẹ pe Wilfredo, kó tún tirẹ̀ ṣe lórí fóònù."

"Fóònù tó ń já kí a tó kíra tán, Àǹtí?" Mo yíjú sí Osmel. "Ṣé wàá rí i dájú?"

"Mi ò lè búra. Mo lè rí gbogbo rẹ̀. Mo sì lè rí ariwo lásán."

Mo wo orúkọ àwọn fíìmù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì fetí sí ọ̀rọ̀ mi tó báyìí rí. Nínú àwọn ìwé tí mò ń yá kà, ibí yìí ni ọmọbìnrin náà ti máa ń sunkún, tó sì ń gba ohun tí wọ́n kó wá fún un.

"Osmel," mo ní, "o ṣeun gan-an. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n nù ún. Ìtàn tèmi ni mo yàn, bó bá tiẹ̀ jẹ́ apá kan péré lo máa rí."