Ìsọ̀ Tí Wọ́n Tì Nítorí Eruku

Ní etí omi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, bí akanọkọ̀ bá ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe pé ó ń sùn. Fáníṣì ló ń kùn. Eruku kì í jẹ́ kí fáníṣì dán, eruku sì ti gba gbogbo àdúgbò náà kan láti ìgbà tí katapílà ti dé. Nítorí náà, akanọkọ̀ á tìlẹ̀kùn, á fi àkísà dí abẹ́ rẹ̀, á wá jókòó jẹ́ẹ́ sínú ìsọ̀ títí ọkọ̀ yóò fi gbẹ. Kò gbọdọ̀ rìn kí eruku má baà dìde, kò gbọdọ̀ dáhùn kí wọ́n má baà ní kó ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń kanlẹ̀kùn, kó máa kàn án lọ.

Alárinà ti mọ òfin yìí kó tó mọ̀wé kà, nítorí abẹ́ ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ ń kàn ló ti kọ́ ìrìn. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn. Ìjọba àti ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ló pawọ́ pọ̀ láti sọ àwọn ilé ẹ̀rọ àtijọ́ àti ìsọ̀ etí omi di ibi ìgbàlódé, wọ́n sì gba obìnrin yìí sí ọ́fíìsì wọn kó máa bá wọn sọ̀rọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn kan ń fi ọ̀wọ̀ pè é ní Alárinà. Àwọn kan ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì pòṣé tẹ̀ lé e.

Àdéhùn náà dùn ún gbọ́ létí. Ìsọ̀ tí iṣẹ́ bá ń lọ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àbẹ̀wò yóò dúró, ẹni tó ni ín yóò sì dúró. Èyí tó bá ti di àpatì, ilé-iṣẹ́ ló ni ín. Alárinà ló ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tó ń bẹ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i, ó sì fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ wọn jẹ.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́ ọjọ́ àbẹ̀wò, inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn àlejò ń bọ̀, òun yóò kun inú ọkọ̀ ní fáníṣì ku ọ̀la kí wọ́n dé, kó lè máa kọ mànà lójú wọn. Kò sí akanọkọ̀ kan létí omi náà tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi bí ìrìn àjò ṣe yọjú sí ọ̀gá ìjọba tó fẹ́ ṣàbẹ̀wò náà, tí wọ́n fi ọjọ́ kan mú àbẹ̀wò yá ṣáájú. Mọ́tò ti ń kùn nílẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún Alárinà. Ó pe fóònù bàbá rẹ̀ títí, fóònù sì wà nílé, nítorí bàbá kì í mú un dání lọ́jọ́ fáníṣì.

Bí òun àti àwọn àlejò ṣe dé ìsọ̀ bàbá rẹ̀, òórùn fáníṣì ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti mọ̀ pé bàbá ti tìlẹ̀kùn. Màdáàmú tó wá ṣojú ilé-iṣẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó ní ó dà bíi pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Alárinà ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ, pé bàbá òun wà nínú ìsọ̀, pé kí wọ́n gbọ́ òórùn fáníṣì, pé iṣẹ́ gan-an ló fà á tí ilẹ̀kùn fi tì.

Ọ̀gá ìjọba wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Imú kọ́ ni wọ́n ní ká fi wo iṣẹ́, àǹtí. Ojú ni.”

Alárinà kanlẹ̀kùn. “Bàbá, èmi ni. Àwọn àlejò ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn.”

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kọ́kọ́rọ́ kejì ìsọ̀ náà wà nínú báàgì rẹ̀, ó sì ti dì í mú. Ṣùgbọ́n katapílà kan ń kọjá lẹ́yìn wọn, afẹ́fẹ́ omi gbé eruku dìde débi tí ọ̀gá ìjọba fi bo imú. Bó bá ṣílẹ̀kùn báyìí, orí ọkọ̀ ni gbogbo eruku yẹn ń lọ, yóò sì ba iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe láti ìgbà òjò jẹ́. Ó rò ó pé ọ́fíìsì òun ṣáà ni, òun yóò mú wọn padà wá bí ọ̀gá bá ti àjò dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fọkàn tán wọn, ẹni ẹlẹ́ni.

“Ṣé kò sí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín?” Màdáàmú bi í.

“Kò sí o,” ni Alárinà wí.

Wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì àpatì sára ilẹ̀kùn, wọ́n sì lọ.

Nígbà tí ọ̀gá ìjọba ti àjò dé, Alárinà tọ̀ ọ́ lọ, ìyẹn ní ọwọ́ ilé-iṣẹ́ lọ̀rọ̀ wà. Ó dé ilé-iṣẹ́, Màdáàmú ní ìjọba ló ni òfin, àwọn kàn ń kọ́lé ni. Ó padà sọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n bu omi tútù fún un, wọ́n sì ní kó padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bú u, ìbá sì sàn fún un kí wọ́n bú u. Àwọn akanọkọ̀ yòókù kò kí i mọ́.

Nígbà tí bàbá ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ó sọ̀rọ̀ láìwo ojú rẹ̀. “Mo gbọ́ ohùn rẹ lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ.”

Omi bọ́ lójú Alárinà. “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dáhùn, Bàbá?”

“Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó o má ṣí i ni. Ojú mi wà lára fáníṣì. Mo ní wọ́n á ṣáà padà wá lọ́la.” Kò bínú rárá, ìyẹn ló sì dun ọmọ rẹ̀ jù.

Ilé-iṣẹ́ ra ọkọ̀ náà, wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́. Inú ìsọ̀ náà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń mu tíì báyìí, ni wọ́n so ó kọ́ sí lókè, wọ́n sì ránṣẹ́ pe bàbá kó wá wò ó. Alárinà tẹ̀ lé e lọ. Bàbá na ọrùn, ó wò ó títí. Ìdí ọkọ̀ tó fi ọ̀dà dúdú kùn lásán ni gbogbo ayé ń rí. Inú rẹ̀ tó ń dán, tí wọ́n torí rẹ̀ pàdánù ìsọ̀, òrùlé ló kọjú sí.

Màdáàmú bi í bó ṣe rí i.

“Ta ló máa ń gòkè lọ nu eruku inú rẹ̀?” ni bàbá béèrè.

Màdáàmú rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló ń rí òkè yẹn tí wọ́n á máa nù ún?

Bàbá mi orí. Alárinà ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó yíjú wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀, wọ́n ti fi ti gíláàsì rọ́pò rẹ̀, ṣíṣí ló sì máa ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.