Ẹ̀rọ Tí A Fi Ń Wá Eyínfúnjowó

Azeezat, ọmọ ọmọ mi, ló gbé ẹ̀rọ náà wọlé. Fóònù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń pe ènìyàn lásán. Ó ní níbi iṣẹ́ àwọn ní Lekki, àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ ló jókòó ti ara wọn tí wọ́n ronú kàn án. Gbogbo ohun tí ayé bá kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ yìí á lọ kó o wá, á sọ òyìnbó inú rẹ̀ di Yorùbá, á sì máa kà á sókè fún ẹni tí kò lè kà á.

"Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?" Mo bi í.

"Ẹ̀yin náà ni, Màámà. Ẹ ò kàwé."

"Mo kàwé. Mo ka ABD dé orí M."

"N wá ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ka N ni wọ́n fi mí fún ọkọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá là á yé mi pé ẹ̀rọ náà ń kọ́ ìwà ẹni. Ohun tí mo bá fetí sí dópin, á gbà pé mo fẹ́ ẹ, á sì wá irú rẹ̀ sí i. Èyí tí mo bá pa lẹ́nu mọ́, kò ní gbé e wá mọ́. Mo ní ṣé ó lè wá ènìyàn? Azeezat ní bí orúkọ ẹni náà bá ti wọ íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan péré, á wá a rí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú.

Ẹni tí mò ń wá ni àbúrò ọkọ mi obìnrin. Bàbá Hakeem, ọkọ mi, wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní pálọ̀ wa ní Jakande, Ilasan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú wọn. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún, ó gba ẹsẹ̀, ó sì gba ohùn lẹ́nu wọn. Kí ó tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ fún mi pé, "Ìyá Hakeem, mi ò fẹ́ kú láì fojú kan àbúrò mi. Bá mi wá a." Wọn ò yéé sọ ọ́, pàápàá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé orí sókè díẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí i pé aládùúgbò lásán ni, wọ́n á dá orí padà sórí ìrọ̀rí. Dókítà ní ká máa tọ́jú wọn nílé. Mo mọ ohun tí dókítà ń sọ nígbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ìjọba wó Maroko ni a ti pàdánù ara wa. Ilé tiwa àti ti àbúrò wọn fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Katapílà ti wà ní òpópónà kejì, olúkúlùkù ń ju ẹrù sínú ọkọ̀ tó bá rí. Tiwa ló wá sí Ilasan níbí. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ gbé lọ́rì wá, wọ́n ní Ìkòròdú làwọn ń lọ. Ó jókòó sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́yìn lọ́rì, ó ń juwọ́ sí wa, ó ní bí ara bá balẹ̀ òun á wá. Fóònù kò sí. Bàbá Hakeem lọ sí Ìkòròdú títí ó fi sú wọn. A kéde lórí rédíò. Kò sí ẹni tó gbúròó rẹ̀.

Azeezat gbé ẹ̀rọ sẹ́nu mi. "Ẹ pe orúkọ wọn."

"Eyínfúnjowó," mo wí.

Ẹ̀rọ náà ròyìn, ó ròyìn. Oògùn ìfọyín kan wà tó ń sọ eyín di funfun. Dókítà eléyín kan wà ní Lekki tó ń tún eyín ṣe fún àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ tán, nítorí a kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tó ń bá ni sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe gbà pé eyín ni mo ń wá. Lọ́jọ́ kejì, eyín. Lọ́jọ́ kẹta, eyín àgbà tí wọ́n ń fi rọ́bà ṣe. Eyín tó kù lẹ́nu èmi fúnra mi kò tó nǹkan.

"Màámà, orúkọ wo lẹ sọ fún un ná?" Azeezat béèrè.

"Orúkọ tí mo ń pè é."

"Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni ẹ̀rọ mọ̀."

"Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ni kò gbọdọ̀ pè é."

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Nígbà tí a gbé mi wọ ilé ọkọ, kò sí ọmọ tí mo bá níbẹ̀ tí mo lè pe orúkọ rẹ̀ gan-an, ì báà jẹ́ èyí tó ń rákò. Ìyàwó ló máa wá orúkọ tó dùn fún wọn. Àbúrò ọkọ mi yìí ń yọ eyín nígbà náà, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, mo sì sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ, ohun tí mo ń pè é nìyẹn. Inú mi ni orúkọ rẹ̀ wà, mi ò gbé e jáde rí.

"Ta ló máa mú yín tí ẹ bá pè é?" Azeezat ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọlọ́pàá àwọn ìyàwó?"

"Bi bàbá rẹ, ká mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n."

"Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní Àǹtí Aránṣọ làwọn ń pè wọ́n."

Àwọn tó lè pè é ti kú tán, ẹni tó kù sì nìyí lórí bẹ́ẹ̀dì láìní ohùn. Mo kúnlẹ̀ nítòsí ìrọ̀rí wọn. Mo ní, "Bàbá Hakeem, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Nítorí yín ni. Mo fẹ́ pe orúkọ Eyínfúnjowó." Wọ́n wò mí. Wọ́n di ojú, wọ́n là á, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Bàṣírát," mo wí sínú ẹ̀rọ náà. "Bàṣírát ọmọ Súnmọ́nù."

Ó wúwo lẹ́nu mi bí ìgbà tí mo bú ènìyàn. Omi jáde lójú Bàbá Hakeem. Azeezat kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti ń kó Bàṣírát wá bá wa. Azeezat máa ń tètè jáde lọ síbi iṣẹ́, ìka mi kò sì mọ ibi tí mo máa tẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe ní kí ó tún un ṣe kí ó máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ láràárọ̀, kí ó sì sọ ọ́ sókè dáadáa kí Bàbá Hakeem lè gbọ́. Ó gbé e sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó gbọ́ nípa Bàṣírát tó gba oyè ìwé ní Ìlọrin, Bàṣírát tó ń ta sìmẹ́ǹtì, Bàṣírát kan tó gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí kóòtù tí àwa méjèèjì sì gbè lẹ́yìn. Ojú Bàbá Hakeem mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ń jẹun. Mo rò pé ìwòsàn kan ni.

Láàárọ̀ tí mo ń wí yìí, mo ń sẹ́ ògì lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú omi. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó dùn bí ti arábìnrin tó ń ka ìròyìn:

"Àdúrà ọdún kan fún olóògbé Alhaja Bàṣírát Adéníjì, aránṣọ, ti Addo, Ajah."

Mi ò kọbi ara sí i. Adéníjì, mi ò mọ̀ wọ́n; orúkọ ọmọ nìkan la fi ń pe ọkọ Eyínfúnjowó.

"Maroko ni a bí i sí. Ọmọ Bàbá Súnmọ́nù tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni."

Mo dìde. Mi ò rántí nu ọwọ́. Báyìí kọ́ la ṣe ń túfọ̀ fún àgbàlagbà, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó wà lórí àìsàn. Àwọn àgbà ló máa ń wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè omi mu, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò. Wọ́n á ní ara ẹni náà kò yá. Wọ́n á lọ, wọ́n á tún padà wá ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n á ní àìsàn náà le o. Nígbà tí wọ́n bá fi máa là á, ẹni náà ti mọ̀ nínú ara rẹ̀, ènìyàn méjì á sì ti jókòó sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Nígbà mìíràn pàápàá, wọn kì í sọ ọ́ rárá.

Mo dé ibẹ̀, mo fi ìka tẹ ojú ẹ̀rọ. Ó tún pariwo sí i. Mo tẹ ibòmíràn. Ó dákẹ́, mo dúpẹ́, àfi bó ṣe padà sí ìbẹ̀rẹ̀: "Àdúrà ọdún kan fún olóògbé Alhaja Bàṣírát." Omi ògì ń kán láti ọwọ́ mi sórí rẹ̀. Mo tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ etí wọn. Mo yọ ọ́.

"Ó fi ọmọ àti ọmọ ọmọ sáyé lọ," ni ó ń wí, "àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan, tí olóògbé wá títí tí kò rí. Ẹni tó bá mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n náà wà, kí ó jọ̀ọ́ kàn sí àwọn ọmọ."

Addo. Mo ti ra ata ní Addo. Mo ti dúró lójú pópó ibẹ̀ rí, mo ń bá ọlọ́kadà ná owó. Kì í ṣe ìrìn àjò. Kéèyàn wọ kéké, kó wọ bọ́ọ̀sì, ó ti débẹ̀. Ìkòròdú la sì ń wá a sí.

Ẹ̀rọ náà kà á dé òpin, nígbà tí mi ò mọ bí mo ṣe lè dá a dúró. Ó wá bi mí ní pẹ̀lẹ́tù bóyá kí òun máa mú irú ìròyìn báyìí wá fún wa láràárọ̀. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn kankan, ó dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Mo gbé e kalẹ̀. Mi ò fẹ́ wo ojú Bàbá Hakeem, ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tí mo lè wò. Wọn ò sunkún. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kì í ṣe òun, wọ́n á gbà mí gbọ́, nítorí wọn ò bá irọ́ lẹ́nu mi rí. Bàṣírát pọ̀ ní Maroko, mo lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Súnmọ́nù tó ń kan ọkọ̀, ẹyọ kan ni. Baba wọn ni.

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo di ọwọ́ òsì wọn mú pẹ̀lú ògì tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fún ọwọ́ mi, wọ́n tún un fún. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń bi mí ni, tàbí wọ́n ń sọ fún mi pé wọ́n ti gbọ́.