Aṣọ Márùn-ún Lọ́sàn-án Kan

Aṣọ kẹta rèé lọ́sàn-án yìí, apá sì ti ń ro ìyá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tún fa ọrùn aṣọ gba orí rẹ̀ kọjá, ó fi ìborùn tó bá a mu lé e léjìká, ó jókòó tì í, ó na fóònù sókè.

“Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, Màmá.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Kí ni ì bá ṣe? Oṣù méjì gbáko ni kò fojú kan ọmọ yìí. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí orúnkún sì ti dá a dúró sílé, ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ló ń wá. Ó ti se oúnjẹ sílẹ̀ láti àárọ̀, ó rò pé àwọn yóò jọ jẹun. Àmọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Nígbà tó bọ́ aṣọ karùn-ún lára ìyá, ó ká gbogbo wọn padà sínú báàgì, ó fẹnu kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Wákàtí kan ààbọ̀ kò pé.

Ẹ wá wo ọgbọ́n ọmọ yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọ àwòrán náà síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹran inú ọbẹ̀ jẹ. “Mo tún wà lọ́dọ̀ ìyá mi oníwúrà lónìí.” Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń kan sáárá sí i, wọ́n ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fún àwọn náà nírú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá kò rí ọ̀kankan níbẹ̀. Fóònù kékeré tirẹ̀, ìpè nìkan ló mọ̀. Ohun tó rí ni pé àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó máa ń wọkọ̀ wá ní gbogbo Sátidé, tó ń bá a fọṣọ, tó ń fi òróró wọ́ ọ lórúnkún, kò wá mọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó pè é.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú,” ni àbúrò wí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. “Mo ń rí yín pẹ̀lú ọmọ yín lórí fóònù. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń wá! Mo ní ìyà ẹ̀gbọ́n mi ti tán, kí n má dí yín lọ́wọ́. Mo ti gba iṣẹ́ mìíràn ní Sátidé báyìí.”

Ìyá mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Gbólóhùn kan péré ni, àbúrò rẹ̀ yóò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àmọ́ tó bá sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ di ẹni ẹ̀sín nínú ẹbí nìyẹn, ọmọ ẹni kò sì ní burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ.

“Ẹ bá mi kí i o, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Yóò gbọ́,” ni ìyá wí. “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí ni.”